Owó Ọkọ̀ Òfúrufú Tí Mo Fi Ra Kẹ̀kẹ́

Èmi gan-an ni mo fọwọ́ ara mi tẹ ìwé tí kẹ̀kẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Ọdún 1991 ni. Taípíìsì ni mí ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀dà ní Ìkẹjà. Òyìnbó ẹnjiníà tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ wa fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fẹ́ ta ẹrù ilé rẹ̀. Ó gbé bébà kan tó ti fọwọ́ kọ wá sórí tábìlì mi, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà kántíìnì. Mo tẹ fíríìjì, mo tẹ jẹnẹrétọ̀, mo tẹ àga ìrọ̀gbọ̀kú mẹ́rin àti tábìlì onígíláàsì. Kẹ̀kẹ́ ló gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo rí iye tó kọ síwájú rẹ̀, mo rò pé ó ti fi òdo kan lé e. Owó náà ju ti fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ lọ. Mo gbé bébà náà lọ bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mo fi ìka tọ́ka sí òdo náà. Ó wò ó, ó ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ó ní kì í ṣe kẹ̀kẹ́ lásán, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè ni, àti pé bí ẹnikẹ́ni ò bá rà á, òun ò ní bínú, òun á tú u sínú páálí, òun á sì gbé e lọ.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo tẹ òdo náà.

Ó yẹ kí n sọ bí ayé mi ṣe rí nígbà yẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Mo ní ọkọ, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti wà ní Jámánì láti ọdún 1987. Ọdún méjì péré la fi gbé pọ̀, nínú yàrá kan tí a háyà ní Dòpẹ̀mú. Kó tó lọ, a ti ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kan ní Ìgàńdò lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, a ti kọ́ yàrá méjì síbẹ̀, a sì ti kan páànù lé e. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti lọ kó tó kọ̀wé pé bí ilé náà bá wà lófìfo, wọ́n á tún ilẹ̀ náà tà fún ẹlòmíì, kí n kó lọ síbẹ̀. Mo kó lọ. Mo ṣe ilẹ̀ yàrá kan ní sìmẹ́ńtì, mo fi pákó dí fèrèsé yàrá kejì, mo sì ń gbé ibẹ̀.

Ìgàńdò ìgbà yẹn kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Láti ojú títì dé ilé mi, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ni, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Ilé mẹ́ta ni mo lè rí láti ẹnu ọ̀nà mi, méjì nínú wọn ò tíì ní òrùlé. A ò ní iná mànàmáná. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ara mi máa ń yá díẹ̀, torí mo ń rí èèyàn nínú ọkọ̀, mo ń rí wọn ní ọ́fíìsì. Òpin ọ̀sẹ̀ ló ń ni mí lára. Bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara mi ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, ó ṣeé ṣe kí n má la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, àyàfi tí mo bá ń kírun. Nígbà tí mo bá wá fẹ́ sọ ibi tí mò ń lọ fún kọ̀ndọ́tọ̀ ní Mọ́ńdè, ohùn mi á ti há, á dà bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

A ò bímọ. Oyún kan wà tó bàjẹ́ lóṣù kẹta nígbà tí a wà ní Dòpẹ̀mú. Èmi àti ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Àdírẹ́sì ọ́fíìsì mi ni ọkọ mi fi ń kọ̀wé. Lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́tà méjì méjì lóṣù. Ó ní kí n máa tọ́jú owó ọkọ̀ òfúrufú, pé bí òun bá ti rí ilé tó fẹ̀, òun á fi ìwé ránṣẹ́ kí n lè wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Mo ń ránṣọ fún àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ wa, owó oṣù mi ni mo fi ń jẹun, owó ìránṣọ ń lọ sí báǹkì. Lọ́dún kejì, ó ní ilé náà ti kéré jù. Lọ́dún kẹta, ó ní òtútù ń bọ̀, kì í ṣe àsìkò tó yẹ kí àlejò dé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹnjiníà gbé bébà rẹ̀ wá bá mi yẹn gan-an, lẹ́tà rẹ̀ tún dé. Kò kún ojú bébà kan. Ó ní kí n ṣì mú sùúrù di ọdún tó ń bọ̀, ó sì béèrè bóyá páànù ń jò.

N kò lè sọ pé mo bínú. Mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sínú báàgì mi, mo tẹ ìwé méjì sí i fún ọ̀gá mi. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, dípò kí n jókòó sílé, mo wọkọ̀ padà sí Ìkẹjà, mo lọ sí ilé ẹnjiníà. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ fojú rí irú kẹ̀kẹ́ tó wọ́n ju fíríìjì lọ ni.

Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Bàbá mi ló kọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, torí kò bí ọkùnrin tó lè máa ṣáájú rẹ̀ gbé ẹrù lọ sóko. Kẹ̀kẹ́ dúdú ńlá kan ni, tó wúwo bí òkúta, irin gbọọrọ sì wà láàárín rẹ̀. N kò ga tó láti gun orí ìjókòó, mo máa ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ abẹ́ irin náà ni, tí màá wọ́ síbi kan bí alákàn. Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ìyá mi ní ó tó, mo ti ń di obìnrin. N kò tún fẹsẹ̀ kan kẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹnjiníà náà ṣílẹ̀kùn fún mi fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sílé lọ́dún tó ṣáájú, gbogbo wa la mọ̀ ní ibi iṣẹ́. Páálí kún pálọ̀ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà sì dúró láàárín àwọn páálí, nínú ilé, bí àlejò. Àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Táyà rẹ̀ nípọn, ó ní eyín kéékèèké yípo. Fóòkì iwájú rẹ̀, irin méjì tó di táyà mú, ní sípíríìngì, tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á lọ sílẹ̀, á tún gbéra padà. Ó fi ọwọ́ kan gbé gbogbo rẹ̀ sókè, ó sì nà án sí mi. Mo múra láti gba nǹkan tó wúwo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ mi lójú. Ó ní irin kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, pé irú nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú ni. Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò mọ ohun tí mò ń tọ́jú owó fún.

Ó bi mí bóyá ọkọ mi ló fẹ́ rà á. Mo ní èmi ni. Ó mú irin kékeré kan jáde nínú àpò, ó tú ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bíi télọ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ó wá dè é le.

Síkẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gùn ún yípo igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń mì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ògiri, nígbà tó yá, ara mi rántí. Ẹnjiníà náà wá fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ gíà. Mọ́kànlélógún ni wọ́n. Ó ní kí n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ibi tó ń gbé mọ́tò sí. Mo fa gíà, ṣéènì náà fò láti orí eyín kan sí òmíràn, ẹsẹ̀ mi wá ń yí fúyẹ́fúyẹ́ bí ẹni tó ń lọ lórí ilẹ̀ títẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín ara mi, mo dákẹ́, torí ó yà mí lẹ́nu.

A jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fún mi ní omi tútù. Ó ní àràárọ̀ Sọ́ńdè ni òun máa ń fi mọ́tò gbé kẹ̀kẹ́ náà dé Ayọ̀bọ̀, tí òun á sì gùn ún wọ inú igbó lọ, òun nìkan. Àwọn ará oko máa ń bi òun léèrè ohun tó ba mọ́tò òun jẹ́. Ó ní látìgbà tí ìyàwó òun ti lọ, òun ò mọ ọ̀nà mìíràn tí òun lè gbà kí Sọ́ńdè tètè parí. Mo ní omi náà tutù dáadáa.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ sí báǹkì, mo kó owó ọdún mẹ́rin jáde, mo sì ra kẹ̀kẹ́ náà. Díẹ̀ ló kù sínú ìwé báǹkì mi. N kò bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀, torí kò sí ẹni tí mo fẹ́ bá gbìmọ̀.

Ẹnjiníà ò jẹ́ kí n gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n wá ní Sátidé, ó sì fi gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà kọ́ mi bí mo ṣe máa yọ táyà, bí mo ṣe máa lẹ rọ́bà inú rẹ̀ tó bá jò, àti bí mo ṣe máa fọ ṣéènì. Ó ní kí n yọ táyà ẹ̀yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójú òun. Ó fún mi ní rọ́bà méjì, gọ́ọ̀mù, páǹpù kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ara kẹ̀kẹ́, àti bébà kan tó ya bí gíà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Lẹ́yìn náà ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ló lọ sí ìlú rẹ̀, n kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo ti rán ṣòkòtò kan fún ìrìn àjò náà, mo wọ bùbá gígùn lé e lórí, mo sì so gèlè mi mọ́rí gírígírí. Mo gba Dòpẹ̀mú, mo gba Ẹ̀gbẹ́dá, mo já sí Ìdímù kí n tó dorí kọ Ìgàńdò. Àwọn èèyàn ń wò mí. Ní Ìyànà Ìpájà, kọ̀ndọ́tọ̀ kan fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, ó ní, "Ṣístà, ẹ rọra o, ẹ má lọ sáré fi wá sílẹ̀." Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n gbé ẹrù dúró títí mo fi kọjá. Kò sẹ́ni tó bú mi. Mo ti ń retí èébú látàárọ̀, nígbà tí n kò rí i, ó dà bíi pé wọ́n já mi kulẹ̀ díẹ̀.

Ìrìn ogójì ìṣẹ́jú láti ojú títì wá di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi kì í tiẹ̀ dúró ní ojú títì mọ́, mò ń gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́ tààrà. Nígbà tí epo wọ́n, tí kò sí ọkọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, èmi nìkan ni mò ń dé ọ́fíìsì ní àkókò ní ẹ̀ka wa. Mo jókòó nínú yàrá tó ṣófo, mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi nìkan.

Fọkanáísà kan wà ní ojú títì Ìgàńdò. Mo gbé táyà lọ bá a lọ́jọ́ kan pé kó bá mi fún un ní atẹ́gùn. Ó tiraka títí, ẹnu páǹpù rẹ̀ ò bá ẹnu rọ́bà náà mu, torí tínrín ni ti kẹ̀kẹ́ mi. Ó nàró, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ máa máa fún táyà yìí ní atẹ́gùn, Ṣístà. Kò sẹ́ni tó ní ẹnu rẹ̀ ládùúgbò yìí."

Lópin ọ̀sẹ̀, mo ń rìn jìnnà. Mo lọ sí Ìjẹ̀gùn, mo lọ sí Ẹ̀gán, mo lọ sí àwọn abúlé tí n kò mọ orúkọ wọn. Mo máa ń gbé omi àti búrẹ́dì dání. Bí mo bá rí ojú ọ̀nà tóóró tó wọ inú igbó, màá gbà á títí yóò fi tán. Kì í ṣe pé inú mi ń dùn lọ títí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà lórí kẹ̀kẹ́ náà, dídá tí mo dá wà kì í jọ ìyà, ó máa ń jọ iṣẹ́ tí mo gbà láti ṣe. Lọ́jọ́ kan mo gùn ún dé Dòpẹ̀mú, mo dúró ní òdìkejì ilé tí a gbé tẹ́lẹ̀. Kọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù wà lójú fèrèsé yàrá wa. Obìnrin kan tó lóyún jáde wá da omi nù, ó bi mí ta ni mò ń wá. Mo ní mo ṣìnà.

Ní oríta tó wà láàárín ilé mi àti ojú títì, ìyá arúgbó kan ń gbé nínú ilé alámọ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni, ara ẹbí tó ta ilẹ̀ fún wa. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Muṣin àti Àgbádárìgì, ewúrẹ́ mẹ́rin ló kù tó ń bá a gbé. Nígbà tí mò ń fẹsẹ̀ rìn, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á sì béèrè bóyá ọkọ mi ti kọ̀wé. Látìgbà tí mo ra kẹ̀kẹ́, mo kàn máa ń kí i kọjá ni. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a ní ìdúró láàárín ọ̀nà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ dábùú. Mo fa bíréèkì, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn."

Mo ní, "Ìyá, mo ń kí yín láràárọ̀."

"Kẹ̀kẹ́ ló ń kí mi. Kí n tó dáhùn, o ti lọ."

Ojú tì mí. Mo ti ń ronú nípa ara mi pé n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń ka iye ọjọ́ tí mi ò bá a sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní oríta, bí kò tiẹ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Nígbà mìíràn, a kàn máa ń wo àwọn ewúrẹ́ ni.

Mo kọ̀wé sí ọkọ mi nípa kẹ̀kẹ́ náà. Ojú bébà mẹ́rin ni, ó gùn ju gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí i lọ. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún un, gíà, sípíríìngì, àwọn abúlé. Mo sọ fún un pé owó ọkọ̀ òfúrufú ni mo ná, pé màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú òmíràn. Mo lọ ya fọ́tò ní Ìkòtún, mo fi í sínú lẹ́tà náà: mo wọ ṣòkòtò mi, mo di kẹ̀kẹ́ mú, mò ń wo iwájú. Mo fẹ́ kó rí mi. Òun nìkan ni mo ní tí mo lè fi hàn.

Oṣù mẹ́ta kọjá kó tó fèsì. Ọ̀sán Tọ́sìdeè ni wọ́n já lẹ́tà náà sórí tábìlì mi. Ó ti fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Ó ní nítorí ìwé ìgbélùú ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọjá ti ìwé, ọmọ kan ti wà láàárín wọn, ọmọ náà ti pé ọdún méjì. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́, tí òun ò rí ẹnu sọ ọ́. Ó ní nígbà tí òun rí fọ́tò mi pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ náà, ọkàn òun balẹ̀, torí òun rí i lójú mi pé n kò dúró de òun mọ́.

Mo ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọmọ, mo lè fara dà á. Ó lè jẹ́ pé mo ti mọ̀ ọ́n láìmọ̀. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni n kò lè kà tán. Kò jẹ́ òótọ́. Mo ṣì ń dúró dè é nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà. Mo ń dúró dè é kódà nígbà tí mo wà lórí kẹ̀kẹ́.

Mo tẹ ìwé tó kù lórí tábìlì mi, mo kí àwọn èèyàn pé ó dàárọ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ jáde. Nígbà tí mo dé oríta wa, n kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé mi, n kò yà. Mo gba ọ̀nà Ẹ̀gán, mo gba ọ̀nà oko kan tí mo mọ̀, mo ń lọ títí mo fi dé etí odò kan tí omi rẹ̀ dúdú, tí koríko bò ó létí. Ibẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ti rọ̀ wọọ. Ẹ̀gún ti gún un.

Látìgbà tí mo ti ra kẹ̀kẹ́ náà, n kò tíì lẹ táyà rí. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo yọ táyà bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo fa rọ́bà inú rẹ̀ jáde, mo tẹ̀ ẹ́ bọ omi, mo rí ibi tó ti ń hó. Mo nù ún gbẹ, mo ha á, mo fi gọ́ọ̀mù sí i. Ṣùgbọ́n omi ojú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán nígbà yẹn, ó ń kán sórí rọ́bà náà, gọ́ọ̀mù ò sì í mú ibi tó bá tutù. Mo nù ún, mo tún ha á. Ó tún kán sí i. Ìgbà kẹta, mo gbé orí mi sẹ́yìn, mo wo òkè, mo wá ń fi ọwọ́ wá ojú ibẹ̀ bí afọ́jú. Ó mú. Mo fún un ní atẹ́gùn, mo jókòó, mo fi etí mi lé e bóyá màá gbọ́ ìró. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá jókòó síbẹ̀ títí mi ò fi ní omi ojú mọ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo padà dé. Mo rí ẹnì kan níwájú ilé mi lórí àpótí. Ìyá arúgbó ni. Kì í sábà rìn kọjá oríta mọ́, ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Ó ní, "Mo rí i pé o ò sọ̀. Mo tún rí i pé o ò yà sílé. Mo ní kí n wá jókòó dè ọ́."

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Kò ṣépè fún ọkọ mi, kò sì gbàdúrà gígùn fún mi. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Orúkọ ta ló wà nínú ìwé ilẹ̀ yìí?"

Mo ní orúkọ ọkọ mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fọwọ́ sí i. Mú un wá ní Sọ́ńdè. Ìwọ lẹni tí a mọ̀ níbí."

Mo kírun Mágàríbì, mo tẹ ẹ̀bà, a jọ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ǹ bá gbé e ka ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kò síbi ìjókòó lẹ́yìn rẹ̀. Mo fà á lọ́wọ́ ni, a fẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ dé ilé rẹ̀, mo sì kí i pé ó dàárọ̀. Ní Sọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn àgbà ẹbí kọ ìwé mìíràn, orúkọ mi ló wà nínú rẹ̀. Mo kọ̀wé sọ fún ọkọ mi. Ó fèsì pé ó dára.

Ọdún mẹ́ta ni èmi àti ìyá náà tún fi jọ wà. Mo ń ra oògùn ẹsẹ̀ fún un ní Ìkòtún, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ Túsìdeè kan ló kú, láàárọ̀. Mùsùlùmí ni, wọn ò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní oríta nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wà níta, wọ́n ti bo sàréè rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì pupa. Wọ́n kí mi, wọ́n ní ta ni mí.

Lọ́dún 1996, ọkọ mi kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá síbi àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá òun tó kú, àti pé òun á yà sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé kan. Takisí ló gbé e wá. Irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí, ó sì ti sanra. Ó dúró lójú ọ̀nà kó tó wọlé, ó ń wo páànù. Kò kí mi bí ìyàwó rẹ̀ àtijọ́, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí onílé, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Kò pè mí ní ẹ̀yin rí láyé rẹ̀.

A jókòó. Mo kí i kú ará fẹ́ra kù. A sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀, a sọ̀rọ̀ nípa bí Ìgàńdò ṣe ń di ìlú. Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìdajì gíà rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, torí mo ti wá ẹ̀yà rẹ̀ káàkiri Èkó, n kò rí i. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Ṣé òun nìyí?"

Mo ní, "Òun ni."

Ó ní òun rò pé ó tóbi jù báyìí lọ. Ó fi ọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀, ó sì yọ ọwọ́ padà. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀ mí. Kò sọ púpọ̀, ó ní kí n foríjì òun, mo ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti sọ. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé oúnjẹ wá. Ó ní òun ti jẹun níbi ìnáwó, pé takisí ń dúró, òun ò sì fẹ́ kí Alásárì bá òun lọ́nà. Mo sìn ín dé ibi mọ́tò.

Ọbẹ̀ ẹran tó tó ẹni méjì ni mo sè lọ́jọ́ náà. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ẹ́.